Òkú Òfin Kì Í Mú Ni Yege: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Ọmọ Wa Tó Ń Múra Ìdánwò Lọ́ọ̀yà

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó fi ìlú Bìní ṣe ilé, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó oúnjẹ tó ń fò sókè. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó ti ka ìwé òfin tán ní yunifásítì ni, àwọn tó wà nílé tí wọ́n ń retí ìgbà tí yóò kàn wọ́n láti wọ Law School. Wọ́n pọ̀ láàárín wa ju bí a ṣe rò lọ. Òbí wọn ti náwó, ojú wọn sì wà lọ́nà.

Aládùúgbò mi kan wà ní Uselu, ìyá Ìjẹ̀bú ni, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Ọba. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ka òfin ní yunifásítì, ó sì yege dáadáa. Ní gbogbo ìgbà tó ń dúró de Law School, alaalẹ́ ni mò ń rí i níwájú ilé wọn lábẹ́ iná kékeré, tí òkìtì ìwé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹnìkan tó ti ṣe ìdánwò ní tirẹ̀ tipẹ́ ló ta òkìtì náà fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: handout, ìwé àkọsílẹ̀, ẹ̀dà ìwé òfin oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ kún àpò ìrẹsì méjì. Owó àjọ ni ìyá rẹ̀ fi san án. Inú wa dùn sí ọmọ náà. A ní ẹni tó bá kàwé tó báyìí, ta ni yóò dá a dúró?

Ó wọ Law School, ó ṣe ìdánwò ní ọdún 2022. Ṣé ẹ mọ àwa Yorùbá, èsì kò tíì jáde tí a fi rán aṣọ ẹbí. Nígbà tí èsì jáde, ọmọ náà yege nínú kọ́ọ̀sì mẹ́rin, ó fìdí rẹmi nínú ìkarùn-ún, ìyẹn Corporate Law Practice, ẹ̀kọ́ nípa òfin ilé-iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni conditional pass. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò tíì di lọ́ọ̀yà, àfi tó bá padà lọ tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ wíìgì àti aṣọ dúdú ní Àbújá, òun wà nínú yàrá ní Uselu, aṣọ ẹbí wà nínú ọ̀rá.

Mo lọ bá wọn kẹ́dùn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó wá sọ gbólóhùn kan tí n kò gbàgbé títí di òní. Ó ní, “Ẹ wò ó, Bàbá, òkú òfin ni mo ń kà. Òfin tó wà nínú handout yẹn, wọ́n ti sin ín kí n tó ra ìwé náà. Wọ́n kọ́ wa ní tuntun ní Law School lóòótọ́, àmọ́ ohun tó ti wọ̀ mí lórí láti ilé ló ń jáde lọ́jọ́ ìdánwò.”

Gbólóhùn yẹn ló mú mi kọ èyí. Mo ti bá àwọn lọ́ọ̀yà àgbà nílùú yìí sọ̀rọ̀, mo ti bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sọ̀rọ̀, ọ̀nà kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn sì ń gbà. Kì í ṣe ìwé ni àwọn ọmọ wa kò ní. Ìwé tó ti kú ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ọ̀nà náà ṣe rí, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé ẹni tó bá ti gba oyè òfin ní yunifásítì ti di lọ́ọ̀yà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ìlú Òyìnbó ni àwọn ènìyàn wa ń lọ kí wọ́n tó lè dúró níwájú adájọ́. Christopher Alexander Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, Inner Temple ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti sọ ọ́ di lọ́ọ̀yà ní ọdún 1879. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà. Ibẹ̀ náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti di lọ́ọ̀yà ní ọdún 1946, lẹ́yìn tó ti fi ìwé kíkà láti ilé gba oyè B.Com ti yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ìyẹn fi hàn wá pé ẹni tó bá mọ ohun tó yẹ kó kà lè kà á nílé, kó sì yege.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù náà. Lọ́ọ̀yà yóò dé láti òkè òkun, yóò mọ òfin ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì dénú, kò ní mọ bí ẹbí ṣe ń pín ilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Bìní. Ní ọdún 1959, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí Unsworth, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, jẹ́ alága rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ló dámọ̀ràn pé kí a ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Òfin tó dá a sílẹ̀ jáde ní ọdún 1962, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré. Ní ọdún 1997, olú ilé-ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Bwari ní Àbújá. Lónìí ó ní ọgbà ní Bwari, ní Èkó, ní Agbani ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní Bagauda ní ìpínlẹ̀ Kánò, ní Yola, ní Yenagoa àti ní Port Harcourt. Kò sí ọ̀kan ní ìlú Bìní.

Bẹ́ẹ̀ ọmọ tó ń ka òfin pọ̀ lágbègbè wa. UNIBEN ń kọ́ ọ, Benson Idahosa University ń kọ́ ọ, Igbinedion University ní Òkádà ń kọ́ ọ, Ambrose Alli University ní Ekpoma náà ń kọ́ ọ. Iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè rán lọ sí Law School lọ́dọọdún sì ní òdiwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ọmọ mìíràn fi ń jókòó sílé fún oṣù púpọ̀ kó tó kàn án. Àsìkò ìjókòó yìí gan-an ni mo ń bá wí. Ó lè ran ọmọ lọ́wọ́ ju ohunkóhun lọ, ó sì lè bà á jẹ́ bí ó ti ba ti ọmọ aládùúgbò mi jẹ́. Àwọn àgbà ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Kọ́ọ̀sì márùn-ún ni wọ́n ń ṣe nínú ìdánwò náà. Civil Litigation ni ti ẹjọ́ tí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn. Criminal Litigation ni ti ẹjọ́ ọ̀daràn. Property Law Practice ni ti ilẹ̀, ilé àti ogún. Corporate Law Practice ni ti ilé-iṣẹ́. Ìkarùn-ún ni Professional Ethics and Skills, ìyẹn ìwà tó yẹ lọ́ọ̀yà àti bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fún ni ní ipò. Wọn kì í ro máàkì pọ̀ kí wọ́n pín in. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ bá ti ṣe dáradára jù kọ́ ni wọ́n ń wò, èyí tó ti kéré jù lọ ni. Bí ọmọ bá gba First Class nínú mẹ́rin, tó wá gba pass lásán nínú ìkarùn-ún, pass ni wọn yóò fún un. Okùn, ibi tó bá ti fẹ́lẹ́ ló ti ń já.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí àwọn tó ti gba ibẹ̀ kọjá fún mi ni pé kí ọmọ má ṣe fi gbogbo ọjọ́ ka kọ́ọ̀sì tó fẹ́ràn. Ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ràn ẹjọ́ ọ̀daràn nítorí ó dùn bí ìtàn, wọn a sì máa sá fún òfin ilé-iṣẹ́ nítorí ó gbẹ. Èyí tí wọ́n ń sá fún gan-an ni yóò kọ ipò wọn. Kí wọ́n pín ọ̀sẹ̀ sí márùn-ún, kí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, kí èyí tó le jù sì gba òwúrọ̀ nígbà tí orí ṣì fúyẹ́.

Ìmọ̀ràn kejì ni ti òkú òfin. Àwọn baba wa ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ẹ wo bí àwọn òfin tí ìdánwò náà dúró lé lórí ṣe yí padà. Òfin ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti ọdún 1990 ni a lò títí ìjọba fi fọwọ́ sí tuntun ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Lábẹ́ ti àtijọ́, ó kéré tán ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà kí wọ́n tó lè dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Lábẹ́ ti tuntun, ẹnìkan ṣoṣo lè dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré kò sì nílò akọ̀wé dandan mọ́. Ọmọ aládùúgbò mi kọ ọ́ pé méjì, ó sì dá a lójú bí orúkọ ara rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 ni wọ́n tún ṣe àtúnṣe sí ní ọdún 2023 nítorí ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Òfin ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní ACJA jáde ní ọdún 2015, ó rọ́pò Criminal Procedure Act àtijọ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ní Àbújá. Òfin ìwà lọ́ọ̀yà ti ọdún 2007 ni wọ́n fi ti ọdún 2023 rọ́pò, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Òfin ìdókòwò àti ìpín-ìdókòwò ti ọdún 2007, tuntun ti rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025. Ẹni tó bá wá gbé handout ọdún 2018 lọ́wọ́, mélòó nínú rẹ̀ ló ṣì wà láàyè?

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ọmọ ṣí ìwé tàbí handout tí wọ́n fẹ́ tà fún un, kó wá ọdún tó wà lẹ́yìn orúkọ òfin kọ̀ọ̀kan. Bó bá rí CAMA 1990 tàbí òfin ìwà lọ́ọ̀yà 2007 tí wọ́n ń pè ní òfin tó wà lóde, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ìwé náà lè mọ́, ó lè dùn ún kà, òkú ni.

Òfin tó wà láàyè kò sì wọ́n bí a ṣe rò. CAMA 2020 wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Àjọ Policy and Legal Advocacy Centre, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí PLAC, kó ọ̀pọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́ bákan náà. Ọmọ tó ní fóònù lè gbà wọ́n sílẹ̀ lálẹ́, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára. Owó tí ìyá ì bá fi ra àpò ìrẹsì ìwé méjì, kó fi tẹ àwọn òfin wọ̀nyí sórí bébà, kó sì fi ra ìwé ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga Èkó àti ti Àbújá, èyí tó jáde kẹ́yìn. Àwọn ìwé ńlá àwọn àgbà náà wúlò o. Ìwé Olákúnlé Òrójọ lórí òfin ilé-iṣẹ́ àti ti Akínọlá Àgúdà lórí òfin ẹ̀rí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn adájọ́ wa ni, wọ́n sì ń la ìdí ọ̀rọ̀ yé ni. Àmọ́ kí ọmọ lọ kà wọ́n ní ilé ìkàwé bíi John Harris Library ní UNIBEN, bí wọ́n bá gbà á láyè níbẹ̀, kó sì gbé òfin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bó ti ń kà.

Ìmọ̀ràn kẹta ni àwọn ìbéèrè ìdánwò ọdún àtijọ́. Ẹ má ṣe rò pé mò ń ta ko ara mi. Ìbéèrè kì í kú bí òfin ṣe ń kú. Ìdáhùn ló ń kú. Kí ọmọ gba ìbéèrè sílẹ̀, kó ya ìdáhùn tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ sọ nù, kó fi òfin òde òní dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Apá kan ìdánwò náà jẹ́ ìbéèrè tí a ń yan ìdáhùn rẹ̀ láàárín mélòó kan tí wọ́n tò kalẹ̀. Apá kejì jẹ́ kíkọ, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Wọn yóò ní kó kọ ìwé ìpẹ̀jọ́, kó kọ ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn, kó kọ ìwé títa ilẹ̀, kó kọ ìwé ìhágún. Ẹni tó bá ń fi ojú kà á lásán yóò mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n. Kí ó gbé aago síwájú, kó máa fi ọwọ́ kọ ìwé kan lójoojúmọ́, kó sì fún lọ́ọ̀yà tó mọ̀ ní àyẹ̀wò.

Ìmọ̀ràn kẹrin, èyí ló dùn mọ́ mi jù, nítorí ó kan àwa Yorùbá tó ń gbé nílẹ̀ Ẹdó. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń wá lọ sínú ìwé, díẹ̀ nínú rẹ̀ wà lójú pópó wa. Ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn ṣe òfin kan lórí bí a ṣe ń ta ilé àti ilẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Property and Conveyancing Law. Bìní wà lábẹ́ Ìbàdàn nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Mid-West dá dúró, ó di Bendel lẹ́yìn náà, Bendel sì pín sí Ẹdó àti Delta ní ọdún 1991. Ìjọba yí padà, àmọ́ òfin náà bá wọn lọ. Aṣọ tí wọ́n rán ní Ìbàdàn ni Bìní ṣì ń wọ̀, bí Oǹdó àti Ọ̀yọ́ ṣe ń wọ̀ ọ́. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Enugu àti Kánò, òfin Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1881 ni tiwọn. Wọ́n máa ń béèrè èyí nínú Property Law Practice: ilẹ̀ tí wọ́n tà, ìpínlẹ̀ wo ló wà, òfin wo ló sì kàn án? Ọmọ tó bá mọ ìtàn yìí kò ní há a sórí kó tó mọ̀ ọ́n.

Ti ogún tún wà. Òfin ìhágún tí a jogún láti Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé ènìyàn lè fi ìwé pín ohun ìní rẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àṣà ìbílẹ̀ tó kan ohun ìní náà bá gbà á láyè. Ẹ̀yin tó bá ń gbé láàárín àwọn Bìní ti mọ Igiogbe, ilé tí baba gbé títí ó fi kú. Lábẹ́ àṣà wọn, ọmọkùnrin àgbà ló ni ín lẹ́yìn tó bá ti ṣe ètò ìsìnkú tán. Ní ọdún 1991, nínú ẹjọ́ Idehen àti Idehen, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé baba kò lè fi ìwé ìhágún gba ilé náà kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin àgbà. Ní ọdún 1995, nínú ẹjọ́ Lawal-Osula, wọ́n tún tẹ̀ lé e. Bí ìbéèrè bá wá béèrè bóyá bàbá Bìní kan lè fi Igiogbe rẹ̀ hágún fún ìyàwó kékeré, ọmọ tó dàgbà ní Uselu kò gbọ́dọ̀ ṣì í.

Kó wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Àwa ní ìdí-igi, tí a ń pín ogún sí iye ìyàwó tó bímọ, a sì ní orí-ò-jorí, tí a ń pín in sí iye ọmọ. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu láti Èkó dé ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá. Bí ìjà bá dé, olórí ẹbí ló lè pinnu bóyá kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Ọmọ tó mọ méjèèjì ti ní ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá. Kó bi ìyá rẹ̀ léèrè, kó bi onílé rẹ̀ tó jẹ́ Bìní léèrè, kó wá padà sí ìwé ẹjọ́ lọ wò ó bóyá ohun tí wọ́n sọ bá a mu.

Ìmọ̀ràn karùn-ún ni kí ọmọ jáde nílé. Ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ wa wà ní Sapele Road, kò jìnnà sí Ring Road. Gbangba ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀pọ̀ ẹjọ́. Kí ó múra dáadáa, kó pa fóònù rẹ̀, kó jókòó sẹ́yìn, kó máa wo bí lọ́ọ̀yà ṣe ń dárúkọ ara rẹ̀ fún adájọ́, bó ṣe ń mú ẹ̀rí wọlé, bó ṣe ń tako ẹ̀rí. Ohun tó bá fojú rí lẹ́ẹ̀kan yóò dúró lórí rẹ̀ ju ohun tó kà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ. Àmọ́ kó ṣọ́ra: ìlànà Ẹdó ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ti Èkó àti ti Àbújá ni Law School fi ń dán wọn wò. Iye ọjọ́ àti orúkọ ìwé lè yàtọ̀. Kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní kọ́ọ̀tù, kó wá lọ wo iye ọjọ́ nínú ìwé.

Kí ó sì bẹ lọ́ọ̀yà àgbà kan kó gbà á láyè láti máa wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ọ́fíìsì lọ́ọ̀yà tó ti pẹ́, ẹ kì í ṣàì rí Nigerian Weekly Law Reports lórí pẹpẹ, ìwé tí Olóyè Gani Fawẹ̀hìnmi, ọmọ Oǹdó, dá sílẹ̀ ní ọdún 1985 kí ìdájọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ wa lè máa jáde ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Gani kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, ìwé náà kò kú.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há yín létí nípa àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí fóònù, bíi ChatGPT. Àwọn ọmọ ń lò ó, n kò sì lè ní kí wọ́n má lò ó láti fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2023, ní New York, àwọn lọ́ọ̀yà kan kọ orúkọ ẹjọ́ tí ẹ̀rọ náà fún wọn sínú ìwé tí wọ́n gbé lọ síwájú adájọ́. Nígbà tí wọ́n wá àwọn ẹjọ́ náà lọ, wọn kò sí níbì kankan, ẹ̀rọ ló hùmọ̀ wọn. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Òkú òfin burú, òfin tí a kò bí rárá tún burú jù ú lọ. Ẹjọ́ tí ọmọ kò bá rí nínú ìwé ẹjọ́, kó má kọ ọ́.

Ó ku ọwọ́ ẹ̀yin òbí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ọmọ márùn-ún bá wà ní àdúgbò kan tí wọ́n ń dúró de Law School, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní pálọ̀ ẹnìkan, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan mú kọ́ọ̀sì kan kó kọ́ àwọn yòókù. Ẹni tó bá lè kọ́ ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ dín iṣẹ́ ọjà kù fún wọn ní òwúrọ̀. Ẹ ra iná tó ń lo oòrùn fún wọn dípò aṣọ ẹbí, ẹ má sì rán aṣọ kankan kí èsì tó jáde. Nínú àwọn ìpàdé ọmọ ìlú wa tí a ń ṣe lóṣooṣù, tí a ń dáwó fún ìgbéyàwó àti òkú, kí ló dé tí a kò lè ní pẹpẹ ìwé kan? Kí a ra òfin márùn-ún mẹ́fà tó wà láàyè, kí a kọ ọdún rẹ̀ sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà, kí ọmọ tó bá lò ó tán dá a padà fún ẹni tó kàn. Ní gbogbo ọdún, kí lọ́ọ̀yà kan láàárín wa ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kó yọ èyí tó ti kú.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan, ẹ má ṣe sá pamọ́. Ọmọ aládùúgbò mi padà lọ. Ó tẹ CAMA 2020 sórí bébà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń fi ọwọ́ kọ ìwé lójoojúmọ́, èmi fúnra mi ló ní kí n máa wo aago fún òun. Ó yege. Wọ́n pè é sí iṣẹ́ lọ́ọ̀yà, a wọ aṣọ ẹbí náà nígbẹ̀yìn, ó tiẹ̀ ti fún mi mọ́ra díẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́ọ̀yà kan nílùú yìí báyìí.

Mo bi í léèrè ohun tó fi àpò ìrẹsì méjì yẹn ṣe. Àwọn kan ti wá bá a pé kó tà á fún wọn, owó tí wọ́n dá lé e kò sì kéré. Ó ní òun yọ àwọn ìbéèrè ìdánwò jáde, òun fi wọ́n fún ọmọ tó kàn ní àdúgbò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyókù, ó gbé e fún ìyá elépà tó wà níwájú ilé wọn. Ní gbogbo oṣù yẹn, inú òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 1990 ni wọ́n ń pọ́n ẹ̀pà sí fún wa ní Uselu.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí iṣẹ́ òbí lórí ọmọ má ṣe já sófo.